Tulla àti Odò Rhine

Ní ọdún 1770 ni a bí Johann Gottfried Tulla ní ìlú Karlsruhe, ní ìpínlẹ̀ Baden, ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti iṣẹ́ omi, ìjọba Baden sì gbà á síṣẹ́ ẹnjinníà. Ní ọdún 1807, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjinníà sílẹ̀ ní Karlsruhe; ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe lórí odò Rhine ni ó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ kàn.

Láyé ìgbà náà, odò Rhine a máa lọ́ bí ejò ní agbègbè yìí, a sì máa ya ẹ̀ka púpọ̀. Bí ó bá kún àkúnya, a gbé oko lọ. Nígbà mìíràn, a pa abúlé run. Ẹ̀fọn pọ̀ nínú àbàtà etí rẹ̀, ibà sì ń bá àwọn ènìyàn jà. Tulla pinnu pé ipa kan ṣoṣo ni odò náà gbọ́dọ̀ máa tọ̀.

Ọgbọ́n tí ó dá nìyí. Níbi tí odò bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, àwọn òṣìṣẹ́ a la yàrà tóóró kan gba ọ̀nà àbùjá. Bí omi bá ti rí ọ̀nà náà, agbára rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí wa etí yàrà títí tí yóò fi fẹ̀ tó odò.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1817, àwọn àgbẹ̀ Knielingen kọ̀ jálẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ilẹ̀ wọn yóò bọ́. Àwọn ọmọ-ogun ni ìjọba rán lọ kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀síwájú. Tulla kú ní Paris ní ọdún 1828. Iṣẹ́ náà kò parí títí di ọdún 1876. Láti Basel dé Worms, odò tí ó gùn ní kìlómítà 354 tẹ́lẹ̀ di 273.

Àkúnya dínkù níbẹ̀, ibà rọlẹ̀, àbàtà sì di oko. Ṣùgbọ́n omi tí ń yára lókè a tètè dé ìsàlẹ̀ odò, àkúnya ibẹ̀ sì le sí i. Ẹja pàápàá pàdánù ibi tí wọ́n ti ń yé ẹyin. Lónìí, ìjọba tún ń ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ létí odò náà kí omi lè rí ibi tàn sí.

Ẹ̀yin ọmọ, Tulla rí ìyà àwọn ará rẹ̀, ó sì wá oògùn sí i. Ìyìn tọ́ sí i. Síbẹ̀, ẹni tí yóò bá tún odò ṣe, kí ó rántí ẹni tí ń pọn omi ní ìsàlẹ̀.