Ẹ Bi Ikùn Léèrè Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Ọkàn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe dókítà àti nọ́ọ̀sì ní Àgbádárìgì, láti Àjárà títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, àrùn kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò wọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti gbójú fò ó. Aláìsàn á wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, omi á ti kún ikùn rẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ á máa lù débi pé ẹ óò rí i láti ọ̀ọ́kán. Ẹnìkan á ní ẹ̀dọ̀ ni, ẹlòmíràn á ní kíndìnrín ni. Àwọn ará ilé lè ti gbà pé wọ́n fún un ní nǹkan jẹ ni. Oògùn tó ń múni tọ̀ á wá di oúnjẹ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í nípa ìfun rẹ̀.

Inú ìfun gan-an ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kókó kékeré kan ló ń hù síbẹ̀. Ní 1907 ni Siegfried Oberndorfer, ọmọ Jámánì, sọ ọ́ ní carcinoid, nítorí ó rò pé kò burú tó jẹjẹrẹ gidi. Nígbà tó di 1929, òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó lè tàn káàkiri. Kókó yìí ń tú họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀, serotonin sì ni aṣáájú wọn. Bó bá jẹ́ inú ìfun nìkan ló mọ sí, ẹ̀dọ̀ á pa serotonin náà kó tó jìnnà. Àfi bí kókó bá ti bímọ sínú ẹ̀dọ̀. Nígbà náà ni serotonin á máa ṣàn lọ tààrà sí apá ọ̀tún ọkàn, tí fáàfù ibẹ̀ á nípọn, á súnkì, á le gbagidi, kò ní lè pa dé, kò sì ní lè ṣí tán. Apá òsì sábà máa ń bọ́, nítorí inú ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀pọ̀ serotonin ti ń parẹ́. Bí tòsì náà bá bàjẹ́, ẹ wá ihò láàrin yàrá ọkàn méjèèjì tòkè, tàbí kókó nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1954, Thorson, Waldenström àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní orílẹ̀-èdè Sweden kọ ọ́ sílẹ̀ pé kókó inú ìfun àti fáàfù ọ̀tún yìí, àrùn kan náà ni.

Ìwé tí ẹ kà sọ pé ojú aláìsàn á máa pọ́n. Ojú aláwọ̀ funfun ni ìwé yẹn ń wò. Ní etíkun tiwa níbí, ẹ má dúró de pupa, ooru ni kí ẹ béèrè: “Ìyá, ǹjẹ́ ooru kan máa ń bò yín lójú àti láyà lójijì? Ṣé ó máa ń dé bí ẹ bá fẹnu kan ògógóró tàbí sódàbì?” Ẹ wá bi í nípa ìgbẹ́. Yóò ní jẹ̀dí-jẹ̀dí ni, pé òun ti ń mu àgbo sí i. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ṣé omi lásán ni? Ṣé ó ń jí i lóru? Ṣé ó ṣì ń yà á lọ́jọ́ tí kò jẹun? Bó bá jẹ́ Ègùn ló gbọ́ jù, ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa, àmọ́ kó má jẹ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, nítorí ojú á ti ìyá láti ka iye ìgbà tó yàgbẹ́ létí ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bóyá ó ń lù, kí ẹ sì gbọ́ àyà rẹ̀ bó ti ń mí sínú: ariwo fáàfù ọ̀tún máa ń ròkè nígbà tí èémí bá wọlé.

Ti àyẹ̀wò ìtọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ìtọ̀ wákàtí 24 la ń gbà, a sì ń wá 5-HIAA nínú rẹ̀, èyí tí serotonin ń dà nígbà tí ara bá ti lò ó tán. Bó bá kọjá 300 máíkírómóòlù, ewu ọkàn ti pọ̀ nìyẹn. Àmọ́ serotonin kún inú oúnjẹ wa. Láti 1960 ni àwọn onímọ̀ méjì, Foy àti Parratt, ti kọ ọ́ pé ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àti nínú tòmáàtì. Ẹni tó jẹ dòdò láàárọ̀, tó fi bọ̀ọ̀lì ṣe oúnjẹ ọ̀sán, tó tún ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó lẹ́bàá títì, ìtọ̀ rẹ̀ lè fi àrùn tí kò ṣe é hàn. Kó yẹra fún gbogbo wọn fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, àti ní ọjọ́ tó ń gba ìtọ̀ náà. Ẹ dárúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ohun tó lè jẹ: ẹ̀kọ, ẹ̀bà, ẹja yíyan. “Ẹ ṣọ́ oúnjẹ jẹ” kì í ṣe ìtọ́ni.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí kan náà ti fa àríyànjiyàn rí. Láyé ìgbà tí Foy àti Parratt kọ̀wé wọn, àwọn tí àpá ń bo inú ọkàn wọn, èyí tí a ń pè ní EMF, kò ṣọ̀wọ́n ní Ìbàdàn, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn onímọ̀ kan rò pé serotonin inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fà á, nítorí àpá náà jọ ti carcinoid. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ojo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn British Heart Journal ní 1970. Ẹ̀rí kò tó láti dá ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bi, ẹ má fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni pé EMF náà ń ba apá ọ̀tún jẹ́, nítorí náà ẹ sọ fún ẹni tó ń ya àwòrán ọkàn (ẹ́kò) kó wo ìsàlẹ̀ yàrá ọkàn bóyá àpá ti dí i, kó sì wo ara fáàfù fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá ti dá a mọ̀, ẹ má sáré sí fáàfù. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Octreotide tàbí lanreotide la fi ń dín họ́mónù kókó náà kù; ooru á rọlẹ̀, ìgbẹ́ á dínkù. Kò ní tún fáàfù tó ti bàjẹ́ ṣe, ẹ má fi èyí pa mọ́ fún aláìsàn. Pípààrọ̀ ló kù, kí apá ọ̀tún ọkàn tó rẹ̀ pátápátá ló sì yẹ kó jẹ́. Láti 1974 ni wọ́n ti ṣí ọkàn ṣe iṣẹ́ abẹ ní Enugu, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò ṣeé ṣe nílẹ̀ wa.

Abẹ́rẹ́ oorun, tàbí ọwọ́ tó kan kókó náà, lè mú kó tú họ́mónù jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, àyà á há. Ọwọ́ yín á fẹ́ lọ síbi adrenaline, bẹ́ẹ̀ adrenaline lè mú kí kókó tú họ́mónù sí i. Octreotide ni kó ti máa ṣàn wọ inú iṣan kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, títí di ẹ̀yìn rẹ̀. Kódà bó jẹ́ ìpákè lásán lẹ fẹ́ ṣe fún un, dókítà abẹ́rẹ́ oorun gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú.

Irú fáàfù wo? Ti onírin ń fẹ́ warfarin títí ayé. Ẹni tí kókó ti kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì bó ṣe yẹ, wọ́n sì tún lè la ikùn rẹ̀ lọ́la. Bó bá tún jẹ́ pé Gbẹrẹfu ló ń gbé, tó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó rí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, èwo ni ti onírin? Èyí tí wọ́n fi ara ẹran ṣe ni mo fara mọ́ fún ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn LASUTH tàbí LUTH, ẹ kọ orúkọ kókó náà sókè gàdàgbà, ẹ kọ ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ octreotide kẹ́yìn, kí ẹ sì fún aláìsàn ní ẹ̀dà kan kó máa mú un lọ síbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́.