Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ohun Ọ̀ṣọ́ inú Eré Minecraft

1.0 Ìfáárà

Ní ọdún 2009 ni Markus Persson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, kọ́kọ́ gbé eré kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Minecraft síta. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2011 ni eré náà di odindi. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ayé inú rẹ̀: ilẹ̀, igi àti òkúta. Ẹni tí ń ṣe é yóò wú búlọ́ọ̀kù, yóò fi mọ ilé, yóò sì fi ohun tí ó bá kó jọ ṣe irinṣẹ́, ìhámọ́ra àti ohun ọ̀ṣọ́ fún ilé náà. Èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí ènìyàn lè yàn láti fi ṣe eré yìí lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tí ó fínnúfíndọ̀ ni wọ́n sì ń túmọ̀ rẹ̀ lórí Crowdin.

Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ náà, nítorí pé orúkọ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí gbólóhùn gígùn tí yóò ṣàlàyé orúkọ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ náà ni yóò ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọmọdé tí ó bá ka orúkọ kan tí kò sì rí ohun náà nínú rẹ̀ yóò padà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè má bojú wẹ̀yìn mọ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni ìsọ̀rí kan ṣoṣo nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, èyíinì ni àwọn ohun tí a ń ṣe láti fi nǹkan hàn tàbí láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìlò ohun ni ó yẹ kí ó darí orúkọ rẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí ó ń jẹ́ ní èdè tí a ti ń túmọ̀.

2.0 Pàtẹ, Fihàn àti Ṣe Lọ́ṣọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn olùtumọ̀ fún gbígbé nǹkan sí ojútáyé ni 'pàtẹ'. Inú 'pa' àti 'àtẹ' ni ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ti jáde, àtẹ sì ni ohun tí ọlọ́jà ń to ọjà sí. Ìlò rẹ̀ hàn kedere ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ní Aṣéjíre, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun kí Ìbàdàn lè rí omi mu, àwọn obìnrin a máa pàtẹ ẹja sí ẹ̀bá ọ̀nà fún èrò ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá sún síwájú dé Ìkirè, dòdò Ìkirè ni wọn yóò pàtẹ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ọjà Àpòmù, ọjà tí ìtàn ogun Òwu kò lè fò dá. Kò sí èrò ọkọ̀ tí ó rí àtẹ ẹja ní Aṣéjíre tí yóò béèrè bóyá títà ni. Títà wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbé ẹja kan kọ́ sára ògiri nínú Minecraft kò pàtẹ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó fi hàn pé ẹja ni ó wà nínú àpótí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi 'pàtẹ' sílẹ̀ fún ọjà, kí a lo 'fihàn' níbi tí a bá ti ń fi nǹkan sọ̀rọ̀, kí a sì lo 'ṣe lọ́ṣọ̀ọ́' níbi tí ẹwà nìkan bá ti jẹ́ ète.

3.0 Àyẹ̀wò Àwọn Ohun Náà

3.1 Férémù ẹrù

Orí tábìlì iṣẹ́-ọwọ́, tí ó ní ojú mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró, ni a ti ń ṣe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'item frame'. A ó to ọ̀pá mẹ́jọ yí awọ kan ká. Bí a bá gbé e kọ́ sára ògiri, a lè fi ẹrù kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Bí a bá tún tẹ̀ ẹ́, ẹrù náà yóò yí díẹ̀. Ní ìgbà kẹjọ, ó ti yípo tán. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ilẹ̀ ni a fi sí i, yóò kún ojú rẹ̀ bámúbámú.

'Férémù' ni àwọn ayàwòrán àti káfíńtà ń pè é ní ìlú wa, kò sì sí ìdí tí a ó fi wá òmíràn. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti di ti ilé ni. Ohun tí ó kù ni ọ̀rọ̀ tí yóò yàn án. 'Férémù ọ̀ṣọ́' kò péye, nítorí pé àwọn tí ń ṣe eré yìí máa ń gbé e kọ́ sí ara àpótí láti fi mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, èyí kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́. 'Férémù ẹrù' gba ìlò méjèèjì.

Ní ọdún 2021, wọ́n fi irú mìíràn kún un, èyí tí a ń fi àpò tàdáwà dídán kún férémù ẹrù láti ṣe. Olùtumọ̀ lè fẹ́ pè é ní 'férémù atànmọ́lẹ̀', ṣùgbọ́n àṣìṣe gbáà ni. Férémù yìí kì í lé òkùnkùn yàrá. Ẹrù inú rẹ̀ nìkan ni ó ń mú kí ó hàn ketekete nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó bá gba orúkọ náà gbọ́ yóò gbé e kọ́ dípò àtùpà, yóò sì jókòó sínú òkùnkùn. 'Férémù ẹrù dídán' ni ó yẹ ẹ́.

3.2 Ọmọlángidi ìhámọ́ra

Ọdún 2014 ni 'armor stand' wọ inú eré náà. Ọ̀pá mẹ́fà àti òkúta pẹlẹbẹ jíjọ̀lọ̀ kan ni a fi ń ṣe é. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 'ìdúró ìhámọ́ra' ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣe ni 'ìdúró' ń tọ́ka sí, kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ kàn. 'Òpó ìhámọ́ra' sàn díẹ̀, àmọ́ òpó kò ní orí tí a lè dé àṣíborí, kò sì ní ẹsẹ̀ tí a lè wọ bàtà fún. 'Ère' sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìsìn àti ìrántí máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà. Igi tí a gbẹ́ bí ènìyàn, tí a sì ń wọ aṣọ fún, ọmọlángidi ni. 'Ọmọlángidi ìhámọ́ra' kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

3.3 Ìkòkò, àmù àti àpáàdì

Ibí yìí ni èdè Yorùbá ti lọ́rọ̀ ju bí olùtumọ̀ ṣe lè rò lọ. Ìkòkò méjì ni ó wà nínú eré náà. Èkíní, tí ó wọlé ní ọdún 2012, ni a ń fi bíríkì mẹ́ta ṣe, a sì ń gbin òdòdó sí i. 'Ìkòkò òdòdó' tó fún un. Èkejì, 'decorated pot', wọlé ní ọdún 2023. Bíríkì tàbí àpáàdì mẹ́rin ni a fi ń ṣe é, ojú rẹ̀ a máa ní ọnà, a sì lè kó ẹrù pamọ́ sínú rẹ̀.

Ṣé ìkòkò ni a ó pe èyí náà? Amọ̀kòkò Yorùbá kò pe ohun gbogbo ní ìkòkò. Ìṣaasùn ni ti ọbẹ̀. Agbada ni ti dídín. Orù ni ti àgbo. Àmù ni ti omi tí a pọn pamọ́. Nítorí pé ìpamọ́ ni iṣẹ́ ìkòkò kejì yìí, 'àmù ọlọ́nà' ni ó bá a mu. Orúkọ méjèèjì yóò sì dá yàtọ̀ kedere.

Ní ti 'sherd', kò sí ohun tí a ń ṣẹ̀dá: àpáàdì ni. Nínú eré náà, búrọ́ọ̀ṣì ni a fi ń gbọn iyanrìn kí àpáàdì tó jáde, gẹ́gẹ́ bí àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń ṣe. Olùkọ́ lè ti ibẹ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn baba ńlá ti fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀, tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sì sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà gba àkíyèsí. Bí a bá fi irinṣẹ́ lu àmù yìí, yóò fọ́ di àpáàdì tàbí bíríkì tí a fi ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ lásán ni, odindi ni yóò bọ́ sílẹ̀. 'Fọ́' ni ti àkọ́kọ́, 'yọ' ni ti èkejì. Ẹni tí ó bá lo 'fọ́' fún méjèèjì ti pa ìmọ̀ kan mọ́ òǹkàwé lójú.

3.4 Àwòrán àti àsíá

Àwòrán ọlọ́dà fi nǹkan kan ṣoṣo yàtọ̀ sí férémù ẹrù nínú ìṣe: irun àgùntàn ni ó wà láàárín ọ̀pá mẹ́jọ dípò awọ. Èyí fi hàn pé orúkọ ohun èlò kò gbọdọ̀ máa yí padà láti ojú ìwé kan sí òmíràn. Àsíá ní tirẹ̀ gba irun àgùntàn aláwọ̀ kan náà mẹ́fà àti ọ̀pá kan. Láti ọdún 2019, orí òfì ni a ti ń fi ọnà sí i. Òfì ti gidi ń hun òwú di aṣọ, ti inú eré kì í hun nǹkan. Síbẹ̀, òfì ni kí a pè é, nítorí pé àwòrán òfì ni ojú rí.

4.0 Àkópọ̀ Ọ̀rọ̀

Férémù ẹrù: ọ̀pá 8, awọ 1.
Férémù ẹrù dídán: férémù ẹrù 1, àpò tàdáwà dídán 1.
Ọmọlángidi ìhámọ́ra: ọ̀pá 6, òkúta pẹlẹbẹ jíjọ̀lọ̀ 1.
Ìkòkò òdòdó: bíríkì 3.
Àmù ọlọ́nà: bíríkì tàbí àpáàdì 4.
Àwòrán ọlọ́dà: ọ̀pá 8, irun àgùntàn 1.
Àsíá: irun àgùntàn 6, ọ̀pá 1.

5.0 Ìgúnlẹ̀

Ìlànà mẹ́ta ni ó jẹ yọ nínú àyẹ̀wò yìí. Èkíní, kí olùtumọ̀ kọ́kọ́ lo ohun náà kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ. Èkejì, kí ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti gba ẹnu oníṣẹ́-ọwọ́ borí ọ̀rọ̀ gígùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hun. Ẹ̀kẹta, kí ohun kan máa jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo níbi gbogbo.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ ju eré lọ. Ike ti gba ipò àmù nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ tí a bí sílé oníke kò sì ní ìdí láti mọ ìyàtọ̀ láàárín àmù, orù àti ìṣaasùn. Bí ó bá bá ọ̀kan nínú wọn pàdé lójú kọ̀ǹpútà, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, tí ó sì kó ẹrù sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò tún rí ẹnu tí yóò máa pè é. Bí ó bá jẹ́ 'ìkòkò' ni olùtumọ̀ kọ fún ohun gbogbo, olùtumọ̀ náà ti bá ike gbé ọ̀rọ̀ náà sin.