Ṣímínì àtijọ́: ẹ dí i mọ́ òjò, ẹ má dí i mọ́ afẹ́fẹ́

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀.

Nílé bàbá bàbá mi ní Ayépé, ilé ìdáná àtijọ́ kan so mọ́ ẹ̀yìn ilé. Wọ́n fi bíríkì mọ ihò èéfín sí i, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣímínì. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dáná igi níbẹ̀, torí gáàsì ni gbogbo wa ń lò báyìí. Bọ̀ọ̀dá mi àgbà wá ní kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì dí i pa lókè àti nísàlẹ̀, kí òjò, eku àti àdán má baà rí ibẹ̀ wọlé mọ́. Ohun tí wọ́n sọ mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n yàrá tí ìyá àgbà ń sùn ló fara ti ògiri ṣímínì yẹn, asthma sì ń yọ ìyá àgbà lẹ́nu. Inú yàrá yẹn náà la ń kó àpò gàrí sí. Bí ògiri náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rin, èèyàn àti oúnjẹ ló máa jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n dúró ná, ká kọ́kọ́ wo ohun tí sáyẹ́ǹsì sọ.

Ẹ̀kọ́ ara agolo mílíìkì

Ta ni kò tíì lu agolo mílíìkì rí nínú wa? Bí ẹ bá lu ihò kan ṣoṣo sí i, mílíìkì á kàn máa kán tó, tó, tó. Bí ẹ bá lu ìkejì sí òdìkejì, á máa dà wẹ́rẹ́. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba ojú kan wọlé kí mílíìkì tó lè gba ojú kejì jáde dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣímínì rí. Bí ihò bá wà nísàlẹ̀, tí òmíràn sì wà lókè, afẹ́fẹ́ tó gbóná díẹ̀ á máa gòkè lọ, òmíràn á máa wọlé látìsàlẹ̀ dípò rẹ̀. Bó ṣe ń lọ ló ń gbé ọ̀rinrin dání. Bí ẹ bá dí ojú méjèèjì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á dúró gbári. Omi tó bá ti wọ inú bíríkì kò ní rí ọ̀nà míì tó máa gbà gbẹ ju inú yàrá yín lọ.

Níbo gan-an ni omi ọ̀hún ti ń wá?

Ọ̀nà mẹ́ta ni.

Àkọ́kọ́ ni òjò. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò máa ń le lọ́dún: ní nǹkan bí Oṣù Kẹfà sí Oṣù Keje, àti lẹ́yìn ìsinmi òjò inú Oṣù Kẹjọ, ní Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kẹwàá. Símẹ́ǹtì tí wọ́n fi dí orí ṣímínì máa ń sán, torí oòrùn ń gbóná sí i lọ́sàn-án, ó sì ń tutù lóru. Omi á wá máa gba ojú ibi tó sán wọlé, bíríkì á sì máa fà á mu bíi fóòmù.

Ìkejì ni oru omi tó wà nínú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó gbóná tó 30°C lè gba nǹkan bíi gíráàmù 30 oru omi nínú mítà oníhà mẹ́ta kan. Bó bá tutù dé 20°C, gíráàmù 17 péré ló lè gbà. Ìyókù á di omi. Ohun tó ń jẹ́ kí igo mínírà tí ẹ yọ nínú fíríìjì máa làágùn nìyẹn.

Ìkẹta lọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: ìdọ̀tí tí èéfín fi sílẹ̀. Ẹ ti rí bí iyọ̀ inú agolo ṣe máa ń rin nígbà òjò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da omi sí i, àbí? Iyọ̀ ló ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Nínú eérú igi náà, oríṣi iyọ̀ kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òun náà ni àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ń sẹ́ jáde látinú eérú. Bí wọ́n bá ti dáná igi fún ọ̀pọ̀ ọdún, èéfín á ti gbé irú iyọ̀ yẹn wọ inú bíríkì. Ìyẹn ló ń fa àbàwọ́n tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lára ògiri, tí ẹ bá kun ún lónìí, tó tún máa yọ lọ́la.

Ojú àwọn ará London ti rí i

Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 Oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú àti kùrukùru bo London mọ́lẹ̀. Ìjọba kọ́kọ́ ka òkú tó nǹkan bíi 4,000. Àwọn onímọ̀ tó tún un ṣírò lẹ́yìn náà gbé e dé nǹkan bíi 12,000. Ní 1956, ìjọba wọn ṣe òfin Clean Air Act láti dín èéfín kù. Díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn fi èédú sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí gáàsì àti iná mànàmáná. Ọ̀pọ̀ wọn fi pákó dí ojú ààrò, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó yá, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Lọ́hùn-ún, òtútù pọ̀, nítorí náà oru omi inú yàrá ń di omi nínú ṣímínì tó tutù. Nílẹ̀ tiwa, òru kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù, òjò àti iyọ̀ èéfín ni ọ̀tá wa jù. Ṣùgbọ́n oògùn kan náà ni: ìdérí lókè tí kò gba òjò láyè, àti ihò kékeré nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó ń gbé inú ilé àtijọ́ ní Peckham, ẹ ní kó yẹ ògiri ṣímínì rẹ̀ wò.

Bí ẹ ṣe máa dí i

1. Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí bíríkì ti gbẹ. Bí ẹ bá dí i nígbà òjò, omi lẹ tì mọ́lé yẹn.

2. Ẹ gbá inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ kó ìtẹ́ ẹyẹ àti ìdọ̀tí èéfín kúrò, kí ẹni tó ń ṣe é bo imú àti ojú.

3. Lókè, ẹ fi páànù tàbí sílábù kékeré bò ó, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́rin kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Kí etí rẹ̀ yọ síta ju ṣímínì lọ, kí òjò lè máa kán sílẹ̀. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì onírin yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká nítorí àdán àti ẹyẹ.

4. Nísàlẹ̀, ẹ lè fi búlọ́ọ̀kù dí ojú ààrò, ṣùgbọ́n kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníhò, kó ga díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ta nẹ́ẹ̀tì sí i.

5. Ẹ má fi ọ̀dà olóròóró kun ògiri náà. Ó máa ń sé omi mọ́ inú ni, lẹ́yìn náà á wú, á sì bó. Ọ̀dà olómi ló dára.

6. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé wọ́n ti dí ṣímínì yìí. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dáná igi tàbí èédú síbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò gbọ́dọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé ìdáná yẹn. Carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Gáàsì náà ń ṣe omi

Àwọn kan á ní, "Ṣebí gáàsì kò ní èéfín?" Òótọ́ ni pé èéfín rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń jó ló ń ṣe oru omi. Kílò kan gáàsì ìdáná máa ń mú omi tó kílò kan ààbọ̀ àti díẹ̀ jáde. Tó bá jẹ́ sílíńdà kílò 12.5, kó tó tán, á ti tú nǹkan bíi lítà 19 sí 20 omi sínú afẹ́fẹ́, tí a ò tíì ka ooru ìkòkò ọbẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fojú inú wo kẹ́ẹ̀gì kan odindi! Nítorí náà, ihò búlọ́ọ̀kù nìkan ò tó ilé ìdáná. Ẹ máa ṣí fèrèsé.

Ìdánwò tí ẹ lè ṣe

Bí ògiri yín bá ti ń rin, tí ẹ ò sì mọ ibi tí omi ti ń wá, ẹ gé nylon kan tó fẹ̀ bí ìwé àjákọ, ẹ fi tépù lẹ etí rẹ̀ mọ́ ògiri yípo, kí afẹ́fẹ́ má wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí abẹ́ nylon, inú ògiri ló ti ń bọ̀: ẹ lọ wo orí ṣímínì. Bó bá jẹ́ ojú tó kọ sí yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ni: fèrèsé lẹ máa kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ tó pe bíríkìlà. Kí ẹ sì gbé àpò gàrí kúrò lára ògiri náà títí ẹ ó fi mọ èyí tó jẹ́.