Kí ló ń ba gíà ọkọ̀ jẹ́?

Ìbéèrè: Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni mo ń wà, ọ̀tọmátíìkì ni. Bí mo bá ki gíà sí D, ó máa ń pẹ́ kó tó mú, á wá fò síwájú lójijì. Mẹkáníìkì mi ní kí n ra gíà mìíràn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó yẹn. Ọ́ìlì gíà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Agbára ọ́ìlì yìí ló ń jẹ́ kí gíà mú. Bó bá ń jò, agbára náà á dínkù, ohun tí ẹ rí yìí ló sì ń tẹ̀ lé e.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Pupa ni èyí tó dára sábà máa ń jẹ́. Bó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ooru ti bà á jẹ́: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ inú oòrùn àti ẹrù àpọ̀jù ló sábà ń fà á. Bó bá dà bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀, ó lè jẹ́ láti inú rédíétọ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́.

Ọ́ìlì tí kò bá ọkọ̀ mu náà ń ba gíà jẹ́. Gíà CVT, tó jẹ́ irú ọ̀tọmátíìkì kan, ní ọ́ìlì tirẹ̀. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín kí ẹ tó ra ọ́ìlì. Ẹ má sì ki rìfáàsì nígbà tí ọkọ̀ kò tíì dúró, ìyẹn náà ń ba gíà jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ náà wò. Nígbà mìíràn, sẹ́ńsọ̀ lásán ló bàjẹ́. Ẹ tètè ṣe é o: àìtètè mólè, olè ń mú olóko.