Ẹ̀TẸ̀ ÀTI LÀPÁLÀPÁ: OHUN TÍ Ó YẸ KÍ OLÙKỌ́ MỌ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa òwe náà ti mọ èwo ni ẹ̀tẹ̀, ó sì ti mọ èwo ni làpálàpá. Ìṣòro àwa olùkọ́ ni pé, ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì a máa fi ara jọ ara wọn.

Èyí ni ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi nígbà tí a rán wa lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ni dánra wò. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin tí ó ní àbàwọ́n kan ní apá òsì, tí ó funfun díẹ̀ ju ara rẹ̀ yòókù lọ. Mo pè é ní làpálàpá, mo sì mú ọmọ náà lọ sí àga ẹ̀yìn, kí ó má baà kó o ran ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ ti ń ra ìpara fún un ní ọjà. Ní ọjọ́ kan tí a ń pín oúnjẹ, apá náà kan ìkòkò gbígbóná, awọ rẹ̀ sì bó, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tilẹ̀ mọ̀. Nígbà náà ni ẹ̀rù bà mí.

Kí ni ẹ̀tẹ̀? Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1873 ni oníṣègùn ará Nọ́wè kan, Gerhard Armauer Hansen, rí kòkòrò tí ń fà á. Awọ ara, àti àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára, ni kòkòrò yìí máa ń bà jẹ́. Ó lọ́ra púpọ̀: ó lè gbà tó ọdún 5, nígbà mìíràn ọdún 20, kí àmì rẹ̀ tó hàn. Láti imú àti ẹnu ẹni tí kò tí ì gba ìtọ́jú ni ó ti ń jáde, a sì máa ran ẹni tí ó bá a gbé pọ̀ tímọ́tímọ́ fún ìgbà pípẹ́. Bíbọ ara ẹni lọ́wọ́, jíjẹun pọ̀, tàbí jíjókòó pọ̀ lórí àga kan kì í kó o ranni. Asán ni àga ẹ̀yìn tí mo fi ọmọ náà sí.

Báwo ni a ṣe lè fura sí i? Làpálàpá a máa yúnni, etí rẹ̀ a sì máa ga díẹ̀. Àbàwọ́n ẹ̀tẹ̀ kì í sábà yúnni, bẹ́ẹ̀ ni kì í dunni. Àìdunni yìí gan-an ni ewu rẹ̀. Ẹ pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀, kì í ṣe níwájú kíláàsì. Ẹ mú òwú díẹ̀, kí ẹ lọ́ ṣónṣó rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ibi tí ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá, kí ó lè mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Lẹ́yìn náà kí ó di ojú, kí ó sì máa fi ìka tọ́ka sí ibi tí òwú bá kàn. Bí òwú bá kan àbàwọ́n náà léraléra tí kò mọ̀, ẹ má ṣe jáfara. Bí ó bá sì mọ̀, ṣùgbọ́n tí àbàwọ́n náà kò lọ, ilé ìwòsàn náà ni. Olùkọ́ kì í ṣe dókítà. Ẹ má ṣe fi iná tàbí abẹ́rẹ́ dán an wò láéláé.

Níbo ni kí a lọ? Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ tí ó súnmọ́ ilé ni ìbẹ̀rẹ̀. Kí a béèrè fún òṣìṣẹ́ ìlera tí a yàn láti mójú tó ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀. Òun yóò wo gbogbo ara, yóò ka àbàwọ́n, yóò fi ọwọ́ tẹ iṣan ní ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀bá orúnkún, yóò sì wo agbára ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìpéǹpéjú. Oògùn mẹ́ta ni a ń lò pọ̀: rifampicin, dapsone àti clofazimine. Àjọ Ìlera Àgbáyé ni ó fi ọwọ́ sí ìlò wọn pọ̀ ní ọdún 1981. Láti ọdún 1995 ni a sì ti ń fún àwọn aláìsàn ní ọ̀fẹ́. Ní gbogbogbòò, ẹni tí àbàwọ́n rẹ̀ kò ju 5 lọ yóò lò ó fún oṣù 6. Ẹni tí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù 12. Kí a sọ fún àwọn òbí pé ìtọ̀ lè pọ́n, àwọ̀ ara sì lè dúdú sí i, kí wọn má baà tìtorí èyí dá oògùn dúró. Oògùn a máa pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n iṣan tí ó ti kú kì í sábà jí mọ́. Nítorí náà ni a fi ń yára.

Nígbà tí mo bá ìyá ọmọ náà sọ ọ́, ó bi mí pé, “Tíṣà, ṣé ẹ kò ní lé ọmọ mi?” Mo dáhùn pé, “Rárá, mà. Kò sí ẹni tí yóò lé e.” A jọ lọ ni. Àbàwọ́n kan ṣoṣo ni wọ́n rí, wọ́n sì fún un ní oògùn oṣù 6. Ní ọjọ́ kejì mo dá a padà sí àga rẹ̀ àtijọ́, n kò sì dárúkọ àìsàn náà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, ojú wa ni yóò máa wà lára àwọn ọmọ lójoojúmọ́ ju ojú dókítà lọ. Ẹ jẹ́ kí a máa wò wọ́n dáadáa, kí a tó pe ohunkóhun ní làpálàpá.