Orúkọ ìdílé náà lówó lórí: Ẹ̀kọ́ fún àwọn oníṣòwò ẹmu ní Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun

Tí ẹ bá ra ẹmu ní Ìlobùú tàbí Ifọ́n-Ọ̀ṣun, tó sì dùn mọ́ yín lẹ́nu, ǹjẹ́ ẹ lè sọ orúkọ ẹni tó dá a? Ọ̀pọ̀ wa ò lè sọ ọ́. Kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi gbé e wá, ife la fi mu ún, ó parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ adẹ́mu ló jẹ́ pé baba wọn ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Ogún ìdílé ni iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé kò sí lára ọjà, owó tó yẹ kí orúkọ náà mú wá kò sì wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn ará ibòmíràn ṣe ń ṣe é. Ní ìlú Florence, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ọdún 1385 ni Giovanni di Piero Antinori wọ ẹgbẹ́ àwọn oníwáìnì. Ìran 26 ti kópa nínú iṣẹ́ náà. Láti 2016, Albiera Antinori ni alága ilé iṣẹ́ wọn, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì sì ń bá a ṣe é. Wọ́n ní wáìnì funfun kan tó ń jẹ́ Cervaro della Sala; èso àjàrà ọdún 1985 ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìdílé náà ti lé ní 600 ọdún nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n wáìnì funfun yìí kò ju nǹkan bí 40 ọdún lọ. Orúkọ àtijọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún ọjà tuntun.

Ẹmu náà funfun, òun náà sì ní ìdílé lẹ́yìn. Kí ló wá kù? Nǹkan mẹ́ta ni.

Àkọ́kọ́ ni kí adùn rẹ̀ má yí padà. Omi dídùn ni ẹmu nígbà tó bá ń kán láti ara ọ̀pẹ. Kíá ni ìwúkàrà inú akèrègbè àti inú afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ṣúgà rẹ̀ di ọtí, tó bá sì di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ta ẹmu fi máa ń já owó rẹ̀ wálẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ohun tó lè dá a dúró ni pé kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò tó mọ́, kí wọ́n sì gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná tí kò hó, bíi 70°C, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìgò ẹmu tí wọ́n dé pa láìṣe bẹ́ẹ̀ lè bú gbàmù. Ẹ má dá a dán wò nínú ilé. Ẹ lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ FIIRO ní Oṣòdì, l'Ékòó, tàbí NIFOR nítòsí ìlú Benin, tí òun fúnra rẹ̀ ń ta ẹmu inú ìgò.

Èkejì ni ìwé. Ẹ forúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹmu tó bá sì ti wọ inú ìgò gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC.

Ẹ̀kẹta ni àdéhùn. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn kan nínú ẹbí Antinori ta ìpín wọn, ilé iṣẹ́ Whitbread ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rà á. Ọdún 1991 ni ẹbí tó rà á padà tán. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó ni kí ni, àti ohun tí wọ́n máa ṣe tí ẹnì kan bá fẹ́ yọ owó rẹ̀. Adẹ́mu tó ń gun ọ̀pẹ onílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní àdéhùn tó wà nínú ìwé. Rògbòdìyàn tó wáyé láàrin Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, tí ìjọba fi kéde kónílé-ó-gbélé, ti jẹ́ ká mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ti dàrú, òwò á dúró.

Ohun kan tún wà tí oníṣòwò kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni Ifọ́n, ẹmu sì jẹ́ èèwọ̀ Ọbàtálá. Kì í ṣe gbogbo ilé ni wọ́n ń gbé ẹmu wọ̀. Ẹni tó mọ oníbàárà rẹ̀ kì í tẹ́ lọ́jà.

A kò sọ pé kí ẹ ra ẹ̀rọ olówó ńlá lọ́la. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò náni lówó: ẹ má bu omi lá ẹmu, ẹ fọ akèrègbè yín dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí oníbàárà mọ orúkọ ìdílé tó dá a. Tí wọ́n bá ti ń fi orúkọ yín béèrè ẹmu, ẹ ti ní ohun tí ọmọ yín lè jogún.