Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Pùrópẹ́là fún Ọkọ̀ Tó Ti Dàgbà

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ló yẹ kí ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi afẹ́ àtijọ́ kọ́kọ́ rò kó tó náwó lórí pùrópẹ́là. Àkúrẹ́ àti Oǹdó jìnnà sókun, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gba Oǹdó kọjá, tó gba Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa, Igbókọ̀dá ló ń já sí, níbi tí omi Ìlàjẹ ti ń dúró de ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnì.

Ẹ wo ara pùrópẹ́là yín, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì tí wọ́n tẹ̀ sí i, bíi 13 x 19. Èkíní ni ìbú rẹ̀ ní ínṣì. Èkejì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní píìṣì ni iye ínṣì tó yẹ kó ti ọkọ̀ síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ká ní omi kì í yọ̀. Píìṣì ńlá ń sáré bí ọkọ̀ bá fúyẹ́. Bí ẹrù bá wúwo, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ fi mọ́tò gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìdànrè ní jíà kẹrin, ẹ ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń kérora.

Ìgbà ò sì lọ bí òréré. Pùrópẹ́là tó bá ọkọ̀ mu nígbà tó jẹ́ tuntun lè má bá a mu mọ́. Fóòmù abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ti mumi, pákó náà ti mumi, ẹ tún ti ṣe ìbòrí oòrùn sí i. Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ti rẹ̀. Ẹrù pọ̀ sí i, agbára dín kù. Ẹ́ńjìnì tó ń fa ohun tó jù ú lọ a máa gbóná, èéfín a máa dì sínú rẹ̀, olówó rẹ̀ a sì ní kí wọ́n tú u palẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé pùrópẹ́là ló lẹ́bi.

Báwo la ṣe ń mọ̀? Ẹ fọ abẹ́ ọkọ̀ kúrò nínú ewédò. Ẹ gbé epo àti iye èèyàn tí ẹ sábà máa ń gbé, ẹ wá ibi tí omi ti tọ́ tí kò sí ewu, ẹ fún un níná dé òpin, kí ẹ wo aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì. Bí ìwé ẹ́ńjìnì bá ní 5,000 sí 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí tiyín dúró sí 4,700, píìṣì ti pọ̀ jù. Ínṣì kan tí ẹ bá dín máa ń fi nǹkan bí 150 sí 200 kún yíyí náà. Nítorí náà 19 tó di 17 yóò gbé e wọ ààlà. Bó bá kọjá 5,500, ẹ fi píìṣì kún un.

Kò yẹ kí dídín bà yín lẹ́rù. Ní 1837, Francis Pettit Smith, àgbẹ̀ kan ní Ìlú Òyìnbó, ń dán pùrópẹ́là onígi wò ní ipa odò Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdajì rẹ̀ kán sọ́nù, ọkọ̀ náà sì sáré ju ti tẹ́lẹ̀.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe é, alumíníọ̀mù ni mo gbà yín nímọ̀ràn fún omi wa. Kùkùté igi wà nínú omi, ewéko kan tó máa ń gba ojú omi, tó wọ Nàìjíríà láti Bàdágìrì ní 1984, sì lè bo kùkùté mọ́lẹ̀. Bí alumíníọ̀mù bá gbá igi, ewé rẹ̀ ni yóò tẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gbé agbára ohun tó gbá a lọ sínú jíà, owó jíà kò sì kéré. Bí ọkọ̀ yín bá wúwo, ewé mẹ́rin máa ń di omi mú ju mẹ́ta lọ, bó tilẹ̀ fi díẹ̀ dín eré kù. Ẹ mú èyí tó wà lára ẹ́ńjìnì dání lọ sọ́jà kí eyín inú ihò rẹ̀ lè bára mu. Bí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ yọ okùn àwọ̀n tó bá wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀, torí ó ń gé rọ́bà tí kì í jẹ́ kómi wọ òróró jíà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ kọ iye tí aago yíyí ẹ́ńjìnì kà sílẹ̀ kí ẹ tó yọ owó, ẹ fi pùrópẹ́là àtijọ́ tó ṣì pé pamọ́ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí kùkùté bá gba ti ìsinsìnyí, òun ni yóò gbé yín délé.